Ọkọ́ Tí A Fọ̀ Kí Omi Tó Dé

Ẹrẹ̀ dúdú ni mo kọ́kọ́ rí. Kò ju èékánná ọmọdé lọ, ó lẹ̀ mọ́ ibi tí irin ọkọ́ ti wọ inú igi. Ká ní alágbẹ̀dẹ ló rí i, ìbá fi ìka nù ún dànù, ìbá sì bá tirẹ̀ lọ. Ká ní jagunjagun ni, kò tiẹ̀ ní rí i rárá. Ṣùgbọ́n èmi ti ń gbẹ́ kàǹga kí irùngbọ̀n mi tó hù, mo sì mọ abẹ́ ilẹ̀ ìlú wa bí olóúnjẹ ṣe mọ ìsàlẹ̀ ìkòkò rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni yangí, lábẹ́ yangí ni amọ̀ funfun. Ẹrẹ̀ dúdú kò sí níbẹ̀. Etí odò nìkan la ti ń rí i, lẹ́yìn odi, níbi tí àwọn ọ̀tá tó dó tì wá láti oṣù márùn-ún ti ń pọn omi.

Ọkọ́ náà kì í sì í ṣe tèmi. Ti ọkọ àbúrò mi ni.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn kò fi fọ̀ ọ́. Àwa agbẹ́kàǹga kì í fọ ọkọ́ kí omi tó dé. A lè wẹ ara, a lè fọ aṣọ, àmọ́ ọkọ́ tó ti wọ ihò kò gbọdọ̀ kan omi títí a ó fi rí omi nísàlẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé ọkọ́ tí a fọ̀ kí omi tó dé ń parọ́ fún ilẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Bó jẹ́ òótọ́ ni o, bó jẹ́ àsọdùn àgbà ni o, ó ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀. Ọkùnrin yẹn lè da ìlú, ó lè da èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, àmọ́ kò lè da ọkọ́. Ohun tó tú u fó nìyẹn.

Òkété là ń pè é, nítorí kò sí ihò tó le fún un. Bàbá mi ló mú un wálé nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà náà. Orí ẹní kan ni a jọ sùn. Nígbà tó dàgbà, tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àbúrò mi obìnrin káàkiri àgbàlá, èmi gan-an ni mo lọ bá bàbá wa sọ̀rọ̀ pé kó fi í fún un. Iṣẹ́ tiwa kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ẹnìkan á wà nísàlẹ̀, ẹnìkan á di okùn mú lókè. Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ kì í so okùn mọ́ ara rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ló ń so ó fún un. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan, kí a gbé agbọ̀n yẹ̀pẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, kí a dẹ okùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta, fà mí jáde. Ogún ọdún ó lé mẹ́ta ni a fi so okùn fún ara wa, okùn ọ̀hún kò sì tú rí.

Iṣẹ́ tí Ọ̀gágun gbé fún wa lásìkò ogun yìí le ju kàǹga lọ. Kàǹga gbígbẹ kan wà nínú àgbàlá àwọn amọ̀kòkò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi. Láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ti gbẹ́ ọ̀nà kan gba abẹ́ odi, tí yóò yọ sínú igbó etí odò. Bí ó bá parí, ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ogun wa yóò gba ibẹ̀ jáde lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn ọ̀tá bá ń jẹun, wọn yóò sì kọ lù wọ́n lẹ́yìn. Gbogbo ìlú ló gbọ́kàn lé ihò yìí láìmọ̀ pé ó wà. Omi ti di abọ́ kan lójúmọ́ fún ẹnìkan. Àwọn ìyá ti ń bu omi sẹ́nu ọmọ bí ẹni ń bu oògùn.

Ìyà tiwa tún ṣe ọ̀tọ̀. Ọjọ́ tí ogun dé lójijì, oko ni àbúrò mi wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó di oṣù kejì, a gbọ́ pé wọ́n ti pa gbogbo àwọn tó wà lóko. Èmi àti Òkété la jọ jókòó sílẹ̀ nínú yàrá mi, a sì sunkún títí ohùn wa fi há. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pín oúnjẹ tèmi fún un, nítorí mo rò pé ìbànújẹ́ tirẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ.

Nísinsìnyí ọkọ́ wà lọ́wọ́ mi, ó sì ku ìwọ̀n ọkùnrin mẹ́ta tó nà gbalaja kí ọ̀nà wa tó dé etí odò. Òkété ń sùn lábẹ́ òrùlé ibi tí àwọn amọ̀kòkò ti máa ń sá ìkòkò, ó fi apá ṣe ìrọ̀rí. Mo gba àkàbà okùn sọ̀kalẹ̀, mo rákò títí mo fi dé òpin. Mo kọjá òpó kẹta, ibi tí odò ti sún mọ́ wa jù, tí omi ti ń sun lára ògiri, tí a fi pákó àti igi dè é kó má baà wó. Amọ̀ funfun ló wà lópin ọ̀nà, àmọ́ amọ̀ ọ̀hún tutù, ó sì ní ojú ìka. Ẹnìkan ló rẹ́ ẹ. Mo fi ọwọ́ tì í. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé bá mi, mo sì rí ihò tó gba ọkùnrin kan, àti ipa ẹsẹ̀ tó lọ, tó sì bọ̀, nínú ẹrẹ̀ dúdú.

Nígbà tí mo bá ń sùn lọ́sàn-án ló máa ń jáde. Èmi tí mo ń sọ fún un pé kó rọra máa simi.

Mo tún amọ̀ náà rẹ́ bó ṣe wà, mo sì gòkè padà. Ọwọ́ mi ti ń lọ sídìí àdá kí n tó rántí bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí lọ́jọ́ tí kàǹga fẹ́ wó lù mí, òun ló sì wà lókè. Ó ní, “Bí iyanrìn bá ń dà sí ọ lórí, má pariwo, má sáré. Fi ẹ̀yìn ti ògiri. Mí lẹ́ẹ̀meje. Gbọ́ ibi tó ti ń dà. Lẹ́yìn náà ni kí o tó fa okùn.” Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri àwọn amọ̀kòkò, mo sì mí. Kí n tó mí ìmí keje, mo ti mọ̀ pé bí mo bá pa á, n kò ní mọ ohun tó tà àti ẹni tó tà á fún. Bí mo bá sì dákẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò wa ni yóò máa yọ orí níkọ̀ọ̀kan lẹ́nu ihò, tí àdá yóò máa pàdé wọn. Mo gbé àdá sílẹ̀. Mo lọ bá Ọ̀gágun.

Ilé oníṣẹ́ awọ kan ló fi ṣe ibùjókòó. Àwọn òòlu ṣì wà lára ògiri ní títò, awọ tí a kò tíì gé ká jọ sí igun. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń ki Ọ̀gágun bí mo ti ń wọlé, “Àgbà òjò tí ń lé ará oko wọlé! Òkè gíga tí a kò lè fi ọwọ́ tì!” Ọ̀gágun na ọwọ́ pé ó tó. Ẹnìkan ṣoṣo ló wà pẹ̀lú rẹ̀, ògbó olórí ogun kan tí etí rẹ̀ ti di látàrí ìbọn, tí a ń pè ní Baba Kí-Lo-Wí. Ohun tó bá wù ú nìkan ló máa ń gbọ́.

Mo ro gbogbo rẹ̀, láti orí ẹrẹ̀ dé orí ipa ẹsẹ̀.

“Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́,” Ọ̀gágun sọ jẹ́jẹ́.

“Ara ẹ̀fọ́ náà ló wà,” Baba Kí-Lo-Wí parí rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ìyẹn.

“Ṣé ká so ó mọ́lẹ̀?” mo bi wọ́n.

“Rárá o. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.” Ọ̀gágun fi òòlu kan ya ilẹ̀ níwájú mi. “Àwọn akíkanjú wọn á lúgọ síbí, lẹ́nu ihò, wọ́n á máa retí wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n retí. Bodè kékeré ẹ̀yìn ìlú làwa máa gbà jáde, kò ní sí ẹni gidi kan nínú ibùdó wọn. Tí wọn ò bá rí wa, wọ́n á wọnú ihò. Òpó kẹta tí o sọ yẹn, tó bá yẹ̀ ńkọ́?”

Mo wo ilà tó fi òòlu yà. “Odò á wọlé.”

“So okùn mọ́ ọn. Fà á wá sókè kàǹga. A ó jẹ́ kó gbọ́ lónìí pé ọ̀la la ń jáde. Lọ́la, àna rẹ á sọ̀kalẹ̀ bó ṣe yẹ, kó lọ la amọ̀ tó kù. Kó ṣe bó ti ń ṣe. Tí amí orí odi bá ti ju aṣọ pé wọ́n ń wọlé, ìwọ fa òpó.”

“Pẹ̀lú òun nínú ẹ̀?”

“Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ,” Baba Kí-Lo-Wí sọ, kò sì wo ojú mi.

Ọ̀gágun gbé idà rẹ̀ lé itan. “Búra fún mi pé o ò ní sọ fún un.”

Mo gbé ọwọ́ lé irin. N kò fẹ́ parọ́ fún yín, mo tiẹ̀ fẹ́ kí Òkété kú nígbà náà. Mo ní, “Mo búra. Bí mo bá la ẹnu mi sọ ọ́ fún un, kí irin yìí bi mí léèrè lọ́rùn.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ọ̀gágun mí kanlẹ̀. “Ọkàn mi ti ń sọ fún mi pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí amí ti sọ pé òun rí ìyàwó ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.”

Baba Kí-Lo-Wí ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ìyàwó ta ni?” mo bi í.

Ọ̀gágun rí i pé ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹyin ni, kò ṣeé kó mọ́. “Àbúrò rẹ. Òun àtàwọn ọmọ. Wọ́n ń pọn omi fún wọn ni.”

“Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.”

“Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún! Ẹ sì ń kí mi kú ìrọ́jú láràárọ̀?”

“Tí mo bá sọ fún ẹ, ṣé wàá gbẹ́ ihò? Àbí o máa gun odi jáde lọ bá wọn, kí wọ́n mú ẹ, kí wọ́n fi iná bi ẹ́ léèrè ibi tí ihò wà?” Kò jágbe mọ́ mi. Ó sàn ká ní ó jágbe. “Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ló wà nínú odi yìí, agbẹ́kàǹga. Èèyàn mẹ́ta ló wà lọ́hùn-ún. O ti búra.”

Mo jáde. Ẹ gbọ́, ó dùn mí. Ó dùn mí dé eegun. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èmi wá ní àwọn méjì tó ń fẹ́ mi lójú, ata ló kún ẹnu àwọn méjèèjì. Ọ̀gágun tí mo ń kú lọ nítorí rẹ̀ fi òkú tí kò kú rà mí. Òkété tí mo ń bu oúnjẹ mi fún mọ̀ pé àbúrò mi wà láàyè, ó sì jẹ́ kí n máa sunkún lójú rẹ̀, ó tiẹ̀ ń gbá mi lẹ́yìn. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ta ìlú, ìlú ni. Àmọ́ omijé mi ńkọ́?

Mo tún lọ fi ẹ̀yìn ti ògiri. Mo ń mí, iyanrìn ń dà. Láti ìgbà tí mo ti rí ẹrẹ̀ náà ni mo ti ń bi ara mi pé ta ló ṣẹ̀ mí, ta ni n ó fìyà jẹ. Ìgbà tí mo mí ìmí karùn-ún ni mo tó rí i pé ìbéèrè ẹni tó wà lókè nìyẹn. Agbẹ́kàǹga kì í bèèrè ẹni tó tú òkúta. Ta ló wà nísàlẹ̀ ló ń bèèrè. Àbúrò mi ló wà nísàlẹ̀, àti ọmọ méjì. Ìlú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. N kò lè ju ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè ṣẹ́ ìbúra, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu mi jáde tí Òkété sì sá lọ, ìlú ti tú nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba abọ́ omi tèmi lọ́wọ́ àwọn tó ń pín in. N kò mu ún. Mo gbé e lọ sí àgbàlá àwọn amọ̀kòkò, mo sì fi fọ ọkọ́ Òkété, irin àti igi, títí ó fi ń dán. Mo gbé e ti ẹnu kàǹga.

Wọ́n ti fa àkàbà kúrò. Ọ̀gágun ti fi ẹ̀ṣọ́ kan tì mí, ahunṣọ tí ogun sọ di jagunjagun, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju kí ó máa di àdá mú lọ. Okùn tuntun tí mo so mọ́ òpó kẹta wà lára èèkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gùn wọnú ihò. Òkété dé, ó ń súfèé díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ̀ láti gbé ọkọ́, súfèé náà sì dá.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló fọ ọkọ́ mi?”

“Èmi ni.”

“Omi ò tíì dé o.”

“Ó ń bọ̀ lónìí.”

Ó wo ọkọ́. Ó wo okùn tuntun, ó fi ojú bá a lọ títí ó fi wọnú òkùnkùn. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ri òpó kẹta mọ́lẹ̀, ta ni yóò tún là á yé? Ó rọra jókòó sí ẹnu kàǹga. Ahunṣọ ń wo ọ̀nà orí odi, kò fiyè sí wa.

“Mo kàn ní kí n yọjú wo odò ni,” Òkété sọ lábẹ́lẹ̀. “Kí n lè mọ̀ pé ọ̀nà wa ò wọ́. Òun gan-an ni mo rí, Ẹ̀gbọ́n. Ó ru omi. Ó ti gbẹ. Èyí àbúrò wà lẹ́yìn ẹ̀.” Ó yí ọkọ́ náà lọ́wọ́. “Wọ́n mú mi nígbà kẹta tí mo jáde lọ bá a. Wọ́n ní kí n yàn.”

Mo ń tú okùn rẹ̀ tó ká jọ.

“Mi ò lè sọ fún yín. Ká ní mo sọ fún yín ni, ẹ máa sọ fún Ọ̀gágun.”

Òótọ́ ló sọ, ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Bí ó ti jẹ́ òótọ́ tó ló ṣe ń bí mi nínú tó. Mo fẹ́ gbá a létí. Mo fẹ́ bi í pé omijé mi wá ńkọ́. Irin Ọ̀gágun ló so ahọ́n mi, àbí ìbínú ni, n kò lè sọ.

“Tí oòrùn bá ti kan àtàrí, wọ́n á kó wọn wá sẹ́nu ihò,” ó ní. “Mo ti bá wọn sọ ọ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kọ́kọ́ wọlé, kí àwọn ọmọ ogun wọn tó tẹ̀ lé wa.” Ó dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kọ ẹ̀yìn sí mi bó ti máa ń ṣe láti kékeré. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣì máa so okùn fún mi?”

Òkété, báyìí ni ìwà rẹ! Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ọwọ́ mi ti ń so okùn náà kí n tó pinnu. Mo so kókó tí bàbá wa kọ́ wa, mo fà á lẹ́ẹ̀mejì kó lè le, mo sì sọ ohun kan ṣoṣo tí ìbúra fi sílẹ̀ fún mi.

“Fífà mẹ́ta. Iye ìgbà tó bá wù kó jẹ́.”

Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀.

Oòrùn kan àtàrí. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í ró láti ẹ̀yìn ìlú, igbe sì gba òkè: àwọn ọmọ wa ti jáde. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìjà ọjọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí okùn méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Okùn Òkété wà ní ọ̀tún, okùn òpó wà ní òsì. Amí orí odi ju aṣọ.

“Wọ́n ń wọlé!” ahunṣọ pariwo. “Bàbá, ẹ fa òpó!”

Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Mo mí.

“Bàbá! Ọ̀gágun ní tẹ́ ẹ bá kọ̀, kí n gé okùn yẹn, kí n fa òpó fúnra mi!” Ó ti yọ àdá.

“Ìwọ ahunṣọ,” mo ní, “ṣé o máa ń gé aṣọ tó ṣì wà lórí òfì?”

“Èwo ni tòfì nínú eléyìí?”

Okùn ọ̀tún fà. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Mo fà, ohun tí mo sì ń fà wúwo, ó ń sunkún. Orí méjì ló yọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní àyà. Ahunṣọ ní, “Yéè, ọmọdé mà ni!” Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló tú wọn, òun náà ló bá mi ju okùn padà sísàlẹ̀. Fífà mẹ́ta. Àwa méjèèjì la fa èkejì, àbúrò mi sì yọ, ó di yẹ̀pẹ̀ ẹnu kàǹga mú pẹ̀lú èékánná. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú mi fi ṣú. A tún ju okùn padà. Mo ti ń gbọ́ ohùn ọkùnrin púpọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ń bèèrè àkàbà, ìmọ́lẹ̀ ògùṣọ̀ ń jó lára ògiri kàǹga. Mo gbọ́ ohùn Òkété, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún wọn pé àkàbà ń bọ̀. Ohùn náà jìnnà, bí ẹni tó ti padà sínú ọ̀nà.

Fífà mẹ́ta.

Ahunṣọ àti èmi jọ fà á. Okùn náà wá kíá, ó fẹ́ẹ̀rẹ̀ fò. N kò fa okùn òpó. Mo fi gbogbo ohun tí mo ní búra, n kò fà á. Òun fúnra rẹ̀ ló dẹ̀ lára èèkàn, nítorí ẹnìkan ti yẹ òpó nísàlẹ̀. Ilẹ̀ mì. Afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ jáde lẹ́nu kàǹga, ariwo kan tẹ̀ lé e tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi, lẹ́yìn náà ni omi ru sókè, pupa, funfun, dúdú, gbogbo àwọ̀ ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ọkọ́ rẹ̀ ló wà lẹ́nu okùn. Kókó bàbá wa ló fi so ó. Omi ti fọ̀ ọ́ mọ́.

Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé a ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà, pé ibùdó àwọn ọ̀tá jó di alẹ́, pé kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi kó ẹrù wọn. Ọ̀gágun pè mí pé mo ṣẹ́ ìbúra. Mo ní n kò la ẹnu mi sọ nǹkan kan fún un. Baba Kí-Lo-Wí bú sẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, àmọ́ kì í ṣe òun ló wà lọ́kàn mi.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni àbúrò mi lẹ́nu kàǹga náà, tó jókòó sínú ẹrẹ̀, tó gbá ọmọ méjèèjì mọ́ra, tó ń wo ọkọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, níbo ló wà?”

Mo ń tú kókó náà kúrò lára ọkọ́.

“Ó ní ẹ̀yin lẹ rán òun,” ó ní. “Gbogbo ìgbà tó wá, ó ń sọ ọ́. Ó sọ fún ọ̀gá wọn náà pé, ‘Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi la jọ pinnu ẹ̀, òun ló dá a lábàá.’ Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó ta ìlú?”

Orúkọ mi ló lò. Ó mú orúkọ mi jáde gba abẹ́ odi, ó fi lé àwọn ọ̀tá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá wọ ìlú ni, èmi ni ìtàn ì bá máa pè ní ọ̀dàlẹ̀ títí ayé. Òkú ló tún dà mí nígbà kejì, omi tó gbé e lọ kò tíì rọlẹ̀. Ahunṣọ yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ tó dàgbà jù ti di etí aṣọ mi mú, ó ń wo ẹnu mi.

Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Mo mí ìmí méje, mo sì kà á.

“A jọ mọ̀ ọ́n ni,” mo ní. “Torí yín ni. Òun ló sọ̀kalẹ̀, èmi ni mo so okùn.”

Ó sunkún nígbà náà, bí ènìyàn ṣe ń sunkún ọkọ tó ṣeé sunkún fún. N kò tíì sọ òdodo náà fún un títí di òní, ó sì ti pẹ́ gan-an. Ọkọ́ náà wà ní àjà ilé mi. Nígbà míràn àwọn ọmọ máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á bi mí pé irú ènìyàn wo ni bàbá àwọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé agbẹ́kàǹga gidi ni, irọ́ kò sì sí nínú ìyẹn.

N kò tíì dárí jì í. Àmọ́ okùn tí mo so fún un lọ́jọ́ náà, dáadáa ni mo so ó.